Ìyá Etí Odò Kò Fún Ni ní Wúrà

Àríyànjiyàn àkọ́kọ́ tó wáyé láàárín èmi àti òyìnbó nílùú wọn, ọ̀rọ̀ eku ló fà á. Kì í ṣe eku ilé, kì í sì í ṣe eku oko. Eku inú kọ̀ǹpútà ni, eku tí kò tó èékánná ọwọ́ mi, tó ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí afárá kan lójú tẹlifíṣọ̀n. Mo ní èrè tí wọ́n fi sórí eku náà ti pọ̀ jù. Òyìnbó tó kọ ọ́ ní kò pọ̀. Ohùn wa ròkè débi pé ọkùnrin tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀ ilé náà gun àtẹ̀gùn wá bá wa, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìjà ni.

Nígbà tí mo ń rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà ni mo tó rántí pé láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, n kò tíì bá ẹnikẹ́ni jiyàn rí.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Ààfáà ni bàbá mi, ó ní ilé kéwú lẹ́yìn ilé wa, níbi tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń kọ́ Kùránì. Ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, aránṣọ sì ni. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, tí mò ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Sùlé, ń ṣe tíṣà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Èmi ni mo mọ ìṣirò jù nínú ilé wa, ìṣirò náà ló sì gbé mi dé ìlú òyìnbó, pé kí n kàwé sí i, kí n padà wá di olùkọ́ àgbà. Ìgbà SAP ni, tí ètò ìjọba mú kí gbogbo nǹkan wọ́n gógó. Nígbà náà, ẹni tó bá ti rí ojú ọ̀nà kì í bèèrè ibi tó já sí kó tó gbà á.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi nílé, mo ti gbára dì fún un. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni ìdákẹ́jẹ́. Ilé alájà mẹ́ta ni mo gba yàrá sí. Ènìyàn wà nínú gbogbo yàrá, mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn, mo ń gbọ́ òórùn oúnjẹ wọn, ṣùgbọ́n n kò mọ orúkọ ẹnì kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo pàdé obìnrin àgbàlagbà kan lórí àtẹ̀gùn, orúnkún mi sì ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Obìnrin náà rò pé mo ṣubú ni. Ó dì mí lápá mú, ó gbé mi dìde, ó ní kí n máa rọra, pé àtẹ̀gùn náà ń yọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Bí mo ṣe ń kàwé ni mo ń ṣiṣẹ́. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ni mo ti ń fọ aṣọ. Ọ̀gá wa níbẹ̀ ní orúkọ mi ti gùn jù fún ẹnu òun, ó sọ mí ní Mary. Mo jẹ́ ẹ. Ó wá yà mí lẹ́nu bí Mary ṣe yàtọ̀ sí mi tó. Mary kì í jiyàn. Ibi tí wọ́n bá ní kó lọ ló ń lọ. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tó dùn ún, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò ní bàbá, kò nílùú, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan láyé tó lè mú un pariwo. Nígbà mìíràn tí mo bá dé yàrá mi, màá sọ̀rọ̀ sókè ní Yorùbá, màá bá ara mi wí, màá dá ara mi lóhùn, kí n lè mọ̀ bóyá èmi náà ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo ṣetán ní ilé ẹ̀kọ́, mo rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Colin. Òun ló ni ilé iṣẹ́ kékeré kan lókè ṣọ́ọ̀bù oníkápẹ́ẹ̀tì, eré inú kọ̀ǹpútà sì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹnì kejì tó wà níbẹ̀ ni Neil, òun ló ń kọ eré náà, ọkùnrin tínínrín kan tó máa ń wọ súwẹ́tà kan náà láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ń wá ẹni tó mọ ìṣirò. Wọn kò bi mí léèrè ju ìyẹn lọ. Mary náà ni mo pe ara mi fún wọn.

Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò rí bí ti ìsinsìnyí. Ó kéré, bọ́tìnnì rẹ̀ rọ̀ bíi rọ́bà, tẹlifíṣọ̀n ilé ni wọ́n sì ń so ó mọ́. Inú kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí a fi ń gbọ́ wáàsí nílé, ni wọ́n ń ká eré sí. Tí a bá ti ki kásẹ́ẹ̀tì náà sínú rẹ́kọ́dà, á kọ́kọ́ han gooro fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni eré á wá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Nínú eré tiwa, arìnrìn-àjò ni ẹni tó ń ta á. Odò ìlú rẹ̀ ti gbẹ. Ó ní láti gba orí afárá, inú igbó àti ẹ̀gbẹ́ òkè lọ sí orísun odò náà, níbi tí dírágónì kan dùbúlẹ̀ sí tó dí omi. Iṣẹ́ mi ni láti ṣírò èrè: bó bá pa eku, wúrà mélòó ni yóò gbà? Bó bá pa ìkookò ńkọ́? Ìgbà wo ni agbára rẹ̀ yóò lé sí i?

Lọ́jọ́ Sátidé, Colin a máa pe àwọn ènìyàn wá dán eré náà wò, á fún wọn ní tíì àti bisikíìtì. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ oníbúrẹ́dì, ọkùnrin sísanra tí kì í sọ̀rọ̀. Ó jókòó, ó dé orí afárá, ó pa eku kan. Wúrà dún gbìn-ín. Eku mìíràn yọ, ó pa á. Wúrà tún dún. Ibẹ̀ ló wà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, kò kọjá afárá.

"Kò rìn," mo sọ fún Neil. "A pè é ní eré ìrìn-àjò, ó sì dúró sójú kan."

"Ó ń ṣeré," Neil ní. "Ohun tó wù ú ló ń ṣe."

"Kò wù ú. Wo ojú rẹ̀. Ojú ẹni tó ń fọ aṣọ aláṣọ nìyẹn. Mo mọ ojú yẹn, òun ni mo gbé kiri títí mo fi dé ọ̀dọ̀ yín."

"Ènìyàn kì í ṣe nǹkan lásán. Bó bá pẹ́ díẹ̀ tí o kò tíì fún un ní nǹkan kan, á pa kọ̀ǹpútà, á wá nǹkan mìíràn ṣe."

"Bí o bá ń fún un lójoojúmọ́ ńkọ́, tí kò sì débi kankan?"

"Ìyẹn kan èmi bí?"

"Ó kàn ọ́! Ìwọ lo kọ́ afárá náà!"

Ibi tí mo ti pariwo nìyẹn, tí oníkápẹ́ẹ̀tì fi gòkè wá. Nígbà tó lọ tán, Neil ń wò mí bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ó ní, "Mo rò pé o kì í sọ̀rọ̀." Ó wá bi mí pé, ṣé Mary ni orúkọ mi lóòótọ́. Mo ní rárá. Mo sọ orúkọ mi fún un. Ó pè é, ó ṣì í pè, ó tún un pè, kò sì yéé pè é títí tó fi bọ́ sí i lẹ́nu.

Mo ti rò ó títí láti ìgbà yẹn. Àwa kì í bá àlejò jiyàn. Bí àlejò bá sọ pé òṣùpá ló ń ràn lọ́sàn-án, a ó ní bẹ́ẹ̀ ni, a ó bu omi fún un, a ó fún un láàyè kó jókòó. Ẹni tí a bá ń bá jiyàn, ẹni tí a ti gbà pé yóò wà níbẹ̀ lọ́la ni. Ní ilé àwọn arúgbó, gbogbo ènìyàn ló ṣe dáadáa sí mi, kò sì sẹ́ni tó bá mi jiyàn rí.

Kò sí tẹlifóònù nílé wa ní Ọ̀yọ́. Onílé Bọ̀ọ̀dá Sùlé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní ọ̀kan. Ní Sátidé tó bá bẹ̀rẹ̀ oṣù, bàbá mi á wọ mọ́tò láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, á jókòó sí pálọ̀ onílé yẹn, á máa retí mi. Nígbà mìíràn, màá pè títí, láìnì kò ní gbà, bàbá mi á sì padà sílé láìgbọ́ ohùn mi. Bọ̀ọ̀dá Sùlé sọ fún mi pé bàbá wa kì í bínú. Wọ́n á kàn dìde, wọ́n á tún agbádá wọn ṣe, wọ́n á ní, "Ó ti pè. Àwa ni a kò gbọ́."

Lọ́jọ́ kan, láìnì gbà.

"Bàbá mi, ẹ káàsán, sà."

"Ọmọ mi. Ara le? Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, sà."

"Iṣẹ́ wo ni Sùlé ní o ń ṣe báyìí? Ó ní o ti kúrò nídìí aṣọ fífọ̀."

"Eré la ń ṣe, Bàbá. Eré inú kọ̀ǹpútà."

Nínú wáyà, mo ń gbọ́ nǹkan tó ń hó bí omi òkun.

"Eré ọmọdé?"

"Àgbà náà ń ta á, sà."

"Bí ènìyàn bá ta á tán, kí ló kọ́ níbẹ̀?"

Mo ní, "Bàbá, wọ́n máa ń gba máàkì."

"Máàkì kí ni?" ni bàbá mi ní, láìnì sì já.

Ó di oṣù tó tẹ̀ lé e kí n tó tún gbọ́ ohùn wọn. Ní gbogbo àkókò náà, bí mo bá jókòó ti ìṣirò mi, ohùn yẹn á máa bi mí léèrè: máàkì kí ni?

Nígbà tí Colin fún mi ní ìsinmi, mo lọ sílé. Mo gbé kọ̀ǹpútà kan àti kásẹ́ẹ̀tì eré wa dání. Mo fẹ́ kí bàbá mi fi ojú ara wọn rí i.

Wọ́n yọ̀ mọ́ mi ní Ọ̀yọ́ bí ẹni pé mo jí dìde. Àwọn aládùúgbò ń wọlé, wọ́n ń kí ìyá mi kú oríire, wọ́n ń pè mí ní ará ìlú òyìnbó. Omi tí ìyá mi gbé fún mi, inú ife onígíláàsì ló wà, èyí tó máa ń wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí a kì í gbé jáde àfi bí àlejò bá dé.

"Màámi, ife oníke wa ńkọ́?"

"Ike yẹn? Kì í ṣe irú yín ló ń fi ike mumi mọ́."

Irú yín. Mo mu omi náà. Ó tutù, n kò sì gbádùn rẹ̀.

Iná kò sí ní àdúgbò wa ní Ọ̀yọ́ lákòókò náà, tiransifọ́mà ti bàjẹ́. Nítorí náà ni gbogbo wa ṣe wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sílé Bọ̀ọ̀dá Sùlé. Mo so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì han gooro, ìyá mi fọwọ́ bo etí, eré yọ. Bọ̀ọ̀dá Sùlé ló kọ́kọ́ ta á. Ó dé orí afárá, ó pa eku kan, wúrà dún gbìn-ín. Ó hó yèè. Ó tún pa òmíràn. Mo mọ̀ pé ó ti parí nìyẹn.

Bàbá mi jókòó lórí ẹní, tẹ̀súbáà lọ́wọ́, wọ́n ń wò ó. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní, "Sùlé, odò ìlú rẹ gbẹ, o dúró síbí o ń peku?"

"Mò ń kówó jọ ni, Bàbá."

"Kí lo fẹ́ fi rà?"

"Idà."

"Kí lo fẹ́ fi idà náà ṣe?"

Bọ̀ọ̀dá Sùlé rò ó wò. "Màá fi pa eku tó tóbi jù wọ̀nyí lọ."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ fún wa pé nígbà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé kéwú, àwọn máa ń fún ọmọ ní ẹ̀pà fún gbogbo áyà, ẹsẹ Kùránì, tó bá mọ̀ lórí. Àwọn ọmọ ń mọ̀ ọ́n lórí wàràwàrà. Ìgbà tí ẹ̀pà wọ́n, ilé kéwú dá páropáro. "Àwọn tó kù," bàbá mi ní, "áyà kúkúrú nìkan ni wọ́n ń kà. Wọ́n ti mọ̀ pé ẹ̀pà kan náà ni a ń san lórí kúkúrú àti gígùn."

"Ẹ wá dá ẹ̀pà dúró," mo ní.

"Mo dá a dúró. Ó ku wólíìmọ̀. Bí ọmọ bá parí Kùránì, a ó pa ẹran, a ó wọ̀ ọ́ láṣọ, gbogbo àdúgbò á jẹ níbẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ló jẹ èrè rẹ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà jìn kó tó di wólíìmọ̀. Ẹ̀yin náà ń sọ̀rọ̀ láádá Ọlọ́run fún wọn lójoojúmọ́, pé lẹ́tà kan, láádá báyìí. Kí ló fi yàtọ̀ sí wúrà orí eku?"

Bọ̀ọ̀dá Sùlé wò mí bí ẹni pé mo ti kọjá ààyè mi. Ṣùgbọ́n ojú bàbá mi tàn. Wọ́n gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀.

"Ó yàtọ̀. O kò rí láádá, o kò lè kà á, o kò sì lè fi í ra idà. O kàn ní láti gbàgbọ́ pé ẹnì kan rí ọ ni."

"Èmi kò gbà, Bàbá," ni Bọ̀ọ̀dá Sùlé ní. "Ẹnikẹ́ni kì í ṣiṣẹ́ lásán. Owó oṣù ni mo fi ń lọ síléèwé."

"Ìgbà tí ìjọba kò san án fún yín lọ́dún tó kọjá, ṣé o kò lọ ni?"

Bọ̀ọ̀dá Sùlé lọ síléèwé ní gbogbo ìgbà yẹn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń lọ, tó ń fẹsẹ̀ rìn nítorí kò sówó mọ́tò.

Bàbá mi wá ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn náà ta á. Wọn kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì o. Wọ́n ń pàṣẹ, Bọ̀ọ̀dá Sùlé ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kọjá afárá láìwo eku. Wọ́n gba etí odò tó gbẹ, wọ́n sì bá ìyá arúgbó kan níbẹ̀ tó ń tọrọ omi. Neil ló fi ìyá náà síbẹ̀. Ẹ̀tàn ni. Ẹni tó bá fún un, omi inú kèrègbè rẹ̀ á dín. Ẹni tó bá kọjá lọ, kò pàdánù nǹkan kan.

"Fún un," bàbá mi ní.

Bọ̀ọ̀dá Sùlé tẹ̀ ẹ́. Omi dín. Bàbá mi ń retí.

"Kí ló wí?"

"Kò wí nǹkan kan, sà," mo ní.

"Kò ní 'ẹ ṣeun'?"

"Rárá, sà."

Wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n náà, wọ́n wò mí. "Nílùú tí ẹ kọ́ yìí, odò nìkan kọ́ ló gbẹ níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní, "Ṣé kí n fi wúrà sí i lọ́wọ́ ni?"

"Wúrà kẹ̀! Bí o bá fi wúrà sí i, àwọn tó ń wá wúrà ni yóò máa bomi fún un."

"Kó sáà ti sọ̀rọ̀," ìyá mi dá sí i. Wọ́n ti gbàgbé pé àwọn ò fẹ́ràn ariwo kọ̀ǹpútà. "Ẹni tó bá fún mi lómi lójú ọ̀nà, màá ní, 'Ọ̀nà á là.' Kí ló le níbẹ̀?"

"Màámi, ọ̀nà á là kò lè pa dírágónì," Bọ̀ọ̀dá Sùlé ní.

"Ta ló ní kó pa á?"

Ibi tí a dé nìyẹn tí wọ́n mú iná lọ. A kó ẹní jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ń jiyàn lọ. Mo ń sọ pé èrè tí kò ṣe nǹkan kan kì í ṣe èrè. Bàbá mi ń sọ pé ohun tí ń ṣe nǹkan nìkan kọ́ ló ní láárí. Bọ̀ọ̀dá Sùlé ń gbè síhìn-ín, ó ń gbè sọ́hùn-ún. Ọ̀fun mi gbẹ. Mo nawọ́ láìwẹ̀yìn, ìyá mi sì ki ife kan bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo mu ún tán kí n tó rí i pé ife oníke ni, ti Bọ̀ọ̀dá Sùlé, ẹnu rẹ̀ ti sán. Kò sẹ́ni tó rántí mọ́ pé àlejò ni mí.

Nígbà tí mo padà, mo sọ fún Neil pé ohun méjì ni mo fẹ́. Kí wúrà orí eku máa dín bí ènìyàn bá ti ń pẹ́ lórí afárá. Kí ìyá etí odò sì máa sọ̀rọ̀.

Ó gba ti eku, nítorí òun náà ti rí oníbúrẹ́dì. Ó kọ ti ìyá.

"Bó bá sọ̀rọ̀ tán, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí."

"Ṣé agbára arìnrìn-àjò yóò lé sí i?"

"Rárá. Àdúrà ni."

"Àdúrà tí kò ṣiṣẹ́."

"Bàbá mi ì bá wà níbí, wọn ì bá dá ọ lóhùn."

Kì í ṣe agídí lásán ni Neil ń ṣe. Inú kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò láyè. Ohun tí a bá fi kún un, àfi ká yọ òmíràn kúrò. Ààyè tó kù ti kún, ohun tó sì gba ààyè jù ni iná tí dírágónì ń tu lẹ́nu, àwòrán tí Neil yà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tó fẹ́ràn ju ara rẹ̀ lọ. Colin sì ti sọ fún wa pé eré náà gbọ́dọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù kí Kérésìmesì tó dé, pé bí kò bá tà, òun kò ní lè gba ẹni méjì síṣẹ́ mọ́. Kò sọ ẹni tí yóò lọ. Kò dìgbà tó bá sọ ọ́ kí n tó mọ̀. Ìwé àṣẹ tí mo fi ń gbé ìlú náà, orí iṣẹ́ yẹn ló dúró lé. Oorun kò kùn mí lọ́sẹ̀ náà. Mo bi ara mi léèrè bóyá ó tọ́ kí n fi gbogbo ìrìn-àjò mi wéwu nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá kan tí kò sí.

Ṣùgbọ́n mo tún lọ bá a lọ́jọ́ kejì. A jiyàn títí, ó wá gbà ká dán an wò fún Sátidé kan péré, ó ní kí ọ̀rọ̀ náà kúrú. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún un, ní Yorùbá. Ó ka lẹ́tà inú rẹ̀, ó ní ó kúrú ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Báyìí ni ó ṣe wọlé: ONA A LA. Kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́ lẹ́tà, kọ̀ǹpútà náà kò mọ̀ wọ́n.

Mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá mi lórí tẹlifóònù, ó sì dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní, "Lárúbáwá náà, a máa ń kọ ọ́ láìfi àmì sí i. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò kà á."

"Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ńkọ́, sà?"

"Á bèèrè."

Sátidé dé. N kò lè sọ pé gbogbo wọn gbà á. Obìnrin kan rò pé eré ti bàjẹ́ ló ń kọ ìkọkúkọ. Ọkùnrin kan bínú pé omi òun ṣòfò. Neil kò wò mí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Oníbúrẹ́dì jókòó sí ìkángun. Ó pa eku díẹ̀ lórí afárá, ó rí i pé wúrà ń dín, ó kọjá. Ó fún ìyá náà lómi, ó kà á, ó tẹ̀ síwájú. Ó gba inú igbó, ó gun òkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ dírágónì. Ló bá yí padà. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó tún gba inú igbó, ó padà sétí odò, ó fún ìyá náà lómi lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ni omi tó kù kò ní í gbé òun alára dé ọ̀dọ̀ dírágónì mọ́.

Neil dìde lọ bá a. "Kí ló dé tí o padà? Kò ní nǹkan kan tó máa fún ọ."

Oníbúrẹ́dì gbé èjìká sókè. "Mi ò mọ̀. Òun nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, Neil ti gé iná ẹnu dírágónì kù sí ìdajì. Mo po tíì fún un, mo gbé e síwájú rẹ̀.

Eré náà jáde kí Kérésìmesì tó dé. Kò sọ Colin di olówó. Ó tà débi tí a fi wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún mìíràn, mo rí ìwé àṣẹ ìgbélùú mi tún gbà. Ìwé ìròyìn àwọn olùfẹ́ kọ̀ǹpútà kan yìn ín díẹ̀, ó bú iná dírágónì pé ó kéré. Neil gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú tábìlì mi, kí n lè máa rí i.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn náà, mo wà nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí òjò ń rọ̀. Ọkùnrin méjì tó wọ aṣọ iṣẹ́ fákítìrì jókòó sẹ́yìn mi, wọ́n ń jiyàn. N kò kọ́kọ́ fetí sí wọn. Ìgbà tí mo gbọ́ "ìyá etí odò" ni mo tó tẹ́tí.

"Ọ̀rọ̀ idán ni," ẹnì kan ń sọ. "Bí o bá gbọ́ ọ, dírágónì kò ní í tètè pa ọ́."

"Irọ́. Mo ti dán an wò. Mo fún un lómi, mo kú. N kò fún un, mo kú."

"Ta ló ní kí o máa fún un nígbà náà?"

"Mo ṣì ń fún un."

"Nítorí kí ni?"

Èkejì wá pe ọ̀rọ̀ ìyá náà, ó fà á bí ọ̀rọ̀ orin, ó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn pátápátá. Ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀ ti kọjá. Nílùú yẹn, ẹnikẹ́ni kì í bá ẹni tí kò mọ̀ sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Mo yíjú padà.

"Ẹ má bínú," mo ní. "Ọ̀nà á là. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn."

Wọ́n wò mí. Mo tún un pè. Ọ̀kan gbìyànjú, ó sọ ohùn òkè di ìsàlẹ̀, mo bá a tún un ṣe. Obìnrin kan tó jókòó lódìkejì yẹ ojú kúrò lára fèrèsé, ó ń wò wá.

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Àdúrà ni. Ẹni tó ń lọ sí ìrìn-àjò la ń ṣe é fún."

"Ó dáa," ni èyí tó ti ń pè é ní idán ní, ó nawọ́ sí ẹnì kejì rẹ̀, "ẹ bá wa dá sí i. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"

Mo ronú kan Neil. Mo ronú kan bàbá mi lórí ẹní ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Gbogbo ilé ló sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo kúrò lọ́dọ̀ wọn," mo dá a lóhùn. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Mo dé ibí."